Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí SMP: Fífín Tàdáwà Sí Awọ Orí Láti Bo Apárí àti Ojú Àpá

Kí ni wọ́n ń pè ní SMP?

Scalp micropigmentation ni orúkọ rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n SMP ni gbogbo àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é. A máa ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún tàdáwà wọ awọ orí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹyọ náà lè jọ kùkùté irun tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyọ bẹ́ẹ̀ la máa ń tò sórí ẹnì kan. Ẹni tó bá dúró síwájú yín kò ní rí tàdáwà. Orí tí irun kún, tí wọ́n fi kílípà gé mọ́lẹ̀, ló máa rí.

Kò lè hu irun o. Mo máa ń sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi, nítorí ẹlòmíì á gbọ́, á mi orí, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á tún máa béèrè pé ìgbà wo ni irun máa yọ. Àwòrán irun ni, irun kọ́.

Ṣé tatú kọ́ ni?

Tatú ni, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá: láyé àtijọ́ àwọn olóòlà máa ń fín kóló sára àwọn obìnrin, wọ́n á fi abẹ ṣá awọ wẹ́wẹ́, wọ́n á sì fi nǹkan dúdú kùn ún kó lè hàn. Ohun tó ya SMP sọ́tọ̀ ni bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó àti irú tàdáwà tí a ń lò.

Awọ ní ìpele. Ìpele òkè ń kú, ó ń bó dànù lójoojúmọ́. Tàdáwà tó bá dúró síbẹ̀ á bá a lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìpele kejì kì í bó, òkè rẹ̀ gan-an la sì ń wá, ní nǹkan bí ìdajì mìlímítà sí mìlímítà kan sísàlẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá kọjá ibẹ̀, ẹyọ tàdáwà á tàn bí ìgbà tí omi bá kán sórí ìwé, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa lọ sí búlúù, nítorí ohun dúdú tó bá jìn sábẹ́ awọ kì í hàn ní dúdú mọ́. Ọ̀pọ̀ orí tí ẹ rí tó dà bí ẹni pé wọ́n ki í bọ ìkòkò aró, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìṣe.

Tàdáwà tó yẹ fún iṣẹ́ yìí jẹ́ ti carbon, dúdú tí wọn kò pò mọ́ àwọ̀ mìíràn. Omi la fi ń là á títí àwọ̀ rẹ̀ á fi bá awọ àti irun oníkálukú mu. Tàdáwà tatú lásán, tó jẹ́ pé oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n pò di dúdú, lè ya búlúù tàbí àwọ̀ ewé lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ta ló wúlò fún jù?

Ọkùnrin tó ti gbà láti máa gé irun mọ́lẹ̀ ló bá lára mu jù, yálà iwájú orí ló ń sá sẹ́yìn tàbí àtàrí ló ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ní àpá lórí ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà obìnrin tí irun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kó dúró ná. Mi ò kì í ṣe é fún wọn, bí ìyá àti bàbá tilẹ̀ bẹ̀ mí.

Ṣé ó pọn dandan kí n mọ ohun tó ń jẹ irun mi kí n tó wá?

Ó pọn dandan, ibí yìí ni mo sì ti máa ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sílé. Tàdáwà lè bo ibi tí àìsàn dé, ṣùgbọ́n kò lè dá àìsàn dúró. Ọkùnrin tí irun rẹ̀ ń lọ bíi ti bàbá rẹ̀, hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní DHT ló ń sọ gbòǹgbò irun rẹ̀ di kékeré díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe fìlà tó ń dé. Obìnrin tí irun ẹ̀bátí rẹ̀ ti lọ nítorí irun dídì tó le koko, àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo àti wíìgì tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ iwájú orí, tirẹ̀ yàtọ̀: bó bá tètè jáwọ́, irun lè padà, bó bá pẹ́ jù, ihò irun á dí, kò sì ní ṣí mọ́. Ìyá tó bá ṣì wà ní àkókò tí irun lè padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú irun yẹn kí ẹ tó ronú kan tàdáwà.

Èyí tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní CCCA. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ló máa ń bá jà jù. Àtàrí ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń fẹ̀ jáde lọ yíká. Orí lè máa yún, kó máa ta, kó máa gbóná, nígbà mìíràn kò sì ní ṣe nǹkan kan títí irun á fi lọ. Ó ń pa ihò irun, ó ń fi àpá dí i. Ní 2019, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àyípadà nínú àbùdá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PADI3 wà lára ohun tó ń fà á fún àwọn kan, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọwọ́ yín ni ẹ fi fà á. Oògùn wà tó lè dá a dúró bí ẹ bá tètè lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún sí i nígbà tó ṣì ń jà lè dá kún un.

Lápálápá orí ń kọ́? Oògùn la fi ń wò ó, tàdáwà kọ́. Alopecia areata, tó máa ń ṣí orí ní róbótó-róbótó, lè padà wá fúnra rẹ̀, torí náà a máa ń dúró títí yóò fi fara balẹ̀. Ẹni tó bá ní vitiligo, tó ń sọ awọ di funfun níbì kọ̀ọ̀kan, tàbí psoriasis, tó ń mú kí awọ nípọn kó sì máa bó, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣáájú: ojú abẹ́rẹ́ gan-an lè di ibi tí àìsàn náà yóò gbà yọ. Dókítà awọ ara ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kì í ṣe èmi.

Ṣé ó máa ń dunni?

Ó máa ń ta, bí ìgbà tí èèrà ń bù ènìyàn jẹ léraléra. Ẹ̀bátí àti iwájú orí ló máa ń dùn jù; ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sùn lọ nígbà tí a bá dé àtàrí. Ìpara tó ń pa ìrora wà. Ẹ má mu ọtí ní ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn náà dúró láìjẹ́ pé dókítà yín ló ní kí ẹ dá a dúró.

Ìgbà mélòó ni mo máa wá?

Ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń jẹ́ wákàtí méjì sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín. Ti àkọ́kọ́ máa ń fẹ́lẹ́, kò sì ní tẹ́ yín lọ́rùn. Ìdí rẹ̀ ni pé awọ oníkálukú ń gba tàdáwà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí awọ yín bá ṣe sí ti àkọ́kọ́ ló máa kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe ti èkejì. Ẹni tó bá ní òun á parí gbogbo rẹ̀ ní ìjókòó kan ṣoṣo, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi wo bí awọ yín ṣe gbà á.

Kí ni kí n yẹra fún lẹ́yìn tí mo bá ṣe é?

Ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, omi àti ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀. Fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ sá fún òógùn, oòrùn gangan àti omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ fi abẹ sílẹ̀. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn, ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn oṣù kan. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń họ awọ, ohun tí a kò fẹ́ sì nìyẹn. Fìlà tó mọ́ tí kò fún lè bò ó bí ẹ bá ń jáde, ṣùgbọ́n gèlè tí wọ́n wé pinpin, rárá.

Èépá kéékèèké máa jáde, ẹ má ṣe ṣí i. Ẹyọ tàdáwà máa tóbi, á sì dúdú ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ ní ọjọ́ méje àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á sùn wálẹ̀. Bí ibẹ̀ bá wú, tó ń ṣọyún, tàbí ara yín gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọdún mélòó ló máa lò lórí?

Ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó di pé ẹ nílò àtúnṣe, àtúnṣe náà kì í sì í gùn tó ti àkọ́kọ́. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀ tó le jù, bẹ́ẹ̀ irú oòrùn tiwa yìí kò mọ ẹni tó náwó. Ìpara tó ní retinol máa ń mú kó tètè ṣá. Ẹni tó sì ń bóra, bí awọ bá ti pọ́n sí i, tàdáwà tó bá a mu tẹ́lẹ̀ á wá dúdú jù lórí rẹ̀; mo ti rí i rí, kò dára lójú rárá.

Ṣé màá máa fári títí ayé ni?

Bí gbogbo orí ló ti ṣí, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní apárí fojú di abẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe SMP kò lè fojú di abẹ mọ́: irun ẹ̀gbẹ́ àti ìpàkọ́ tó bá ga ju tàdáwà lọ á tú àṣírí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gé e. Orí tó bá ń dán náà máa ń tú àṣírí, nítorí irun gidi kì í jẹ́ kí orí dán. Ẹ dín òrí àti òróró kù, ẹ wá ìpara tí kì í dán.

Obìnrin ni mí, mi ò sì lè fári. Ṣé ó lè ràn mí lọ́wọ́?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́ bí irun bá ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń mú kí irun tó fẹ́lẹ́ hàn ni awọ tó ń yọ láàárín rẹ̀, pàápàá níbi tí ẹ ti ya irun. Bí a bá fi tàdáwà mú awọ yẹn súnmọ́ àwọ̀ irun, ojú kò ní dúró síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti pá kodoro, tí irun gígùn yí i ká, kò ní rí bí irun. Á rí bí ibi tí wọ́n kùn. Fún irú ibẹ̀, wíìgì tí kò fa irun dára ju ohun tí mo lè ṣe lọ, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó gba owó.

Mo ní àpá gígùn ní ìpàkọ́ láti ìgbà tí mo gbin irun. Ṣé ẹ lè bò ó?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń mú irun láti ìpàkọ́ lọ gbìn síwájú. FUT ni kí wọ́n gé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, kí wọ́n rán an. Àpá rẹ̀ jẹ́ ìlà kan láti ẹ̀yìn etí dé ẹ̀yìn etí. FUE ni kí wọ́n máa yọ gbòǹgbò irun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àpá tirẹ̀ jẹ́ tóótòòtó funfun káàkiri ìpàkọ́. Wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ń lọ gbin irun ní Istanbul, ọ̀pọ̀ ọmọ wa láti London wà lára wọn, pé FUE kì í ní àpá. Ó ní. Ó kàn ń fara pamọ́ títí ẹ ó fi gé irun mọ́lẹ̀ ni.

Àpá FUE ló rọ̀ mí lọ́rùn jù. A ó fi tàdáwà sí inú tóótòòtó funfun wọ̀nyẹn àti sí àyíká wọn, ìpàkọ́ á sì dọ́gba. Àpá FUT ló gba sùúrù. Awọ àpá kò rí bí awọ tó kù: ó le, ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, ibì kan á gba tàdáwà mu bí ilẹ̀ iyanrìn, ibì kejì á tú u jáde. Nítorí náà, a máa ń kọ́kọ́ dán ibi kékeré kan wò, a ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, ká tó ṣe ìyókù, ó sì sábà máa ń gba ìjókòó ju mẹ́ta lọ. A tún gbọ́dọ̀ mú tàdáwà kọjá etí àpá wọ inú irun gidi, kí ìlà náà má baà ṣì máa hàn bí ojú ọ̀nà tí wọ́n kùn ní dúdú.

Tàdáwà ń yí àwọ̀ padà, kì í yí bí ilẹ̀ ṣe rí padà. Àpá tó jin kòtò á ṣì ní òjìji nígbà tí iná bá kàn án láti ẹ̀gbẹ́. Bí àpá FUT bá fẹ̀ gan-an, ẹ bi dókítà tó ń gbin irun bóyá ó lè tún un rán tàbí kó gbin irun díẹ̀ sínú rẹ̀, kí tàdáwà wá parí iṣẹ́.

Báwo ni kó ti pẹ́ tó lẹ́yìn irun gbígbìn?

Oṣù mẹ́fà ló kéré jù, ọdún kan ló dára jù. Àpá tó ṣì ń pọ́n, tó ṣì ń yún, kò tíì gbó. Irun tí wọ́n gbìn náà nílò nǹkan bí ọdún kan kó tó yọ tán, a ò sì lè mọ ibi tó yẹ ká kún bí a kò bá tíì mọ ibi tí irun máa dé. Ẹni tó bá ṣe SMP ṣáájú ṣì lè gbin irun lẹ́yìn náà, kó kàn sọ fún dókítà rẹ̀.

Àpá mi wú, keloid ni wọ́n pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ṣe é?

Rárá. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí àwọn tó ní irú àpá yìí gan-an ló máa ń wù jù láti bò ó. Keloid jẹ́ àpá tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ó ń dàgbà kọjá ojú egbò tó bí i, awa aláwọ̀ dúdú ló sì ń bá jà jù. Abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ egbò. Ẹni tí etí lílu tàbí gbẹ́rẹ́ sọ di keloid rí, kò yẹ kó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú abẹ́rẹ́ dán orí rẹ̀ wò.

Kókó líle tó máa ń sù sí ìpàkọ́ ọkùnrin lẹ́yìn ìgbà tó bá fárí, tí dókítà ń pè ní acne keloidalis nuchae, wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ tọ́jú rẹ̀ kọ́kọ́. Bí dókítà bá wò ó tán, tí ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kókó tuntun kò sì yọ fún ìgbà pípẹ́, a lè jọ jókòó sọ̀rọ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kéré bí èékánná. Ẹ rántí pé SMP á mú kí ẹ máa fá ìpàkọ́ mọ́lẹ̀ lemọ́lemọ́, fífá mọ́lẹ̀ sì wà lára ohun tó ń ru àìsàn yìí sókè.

Mo fẹ́ kí iwájú orí mi gún régé bíi ti onígbàjámọ̀. Kí ló dé tí ẹ kì í gbà?

Nítorí pé àmì tí onígbàjámọ̀ fi kílípà àti dáì ṣe á lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tèmi á ṣì wà lórí yín fún ọdún márùn-ún. Irun gidi kì í bẹ̀rẹ̀ bí etí ilé. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹyọ kan níbí, ẹyọ méjì lọ́hùn-ún, kó tó kún. Ìlà tó bá gún jù, tó sì sọ̀kalẹ̀ jù, ló ń jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Mo lè ṣe é kó mọ́ díẹ̀ fún ẹni tó ń gé irun rẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 50 tó fẹ́ iwájú orí ọmọ ọdún 18, mi ò ní ṣe é.

Bí mo bá hu ewú ńkọ́?

Ewú tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bó bá pọ̀, a ó jẹ́ kí tàdáwà ṣá díẹ̀, a ó sì lo èyí tó fẹ́lẹ́ nígbà àtúnṣe.

Ṣé mo lè máa lo minoxidil tàbí finasteride lọ?

Oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú irun tó ń lọ ni méjèèjì. Ẹ lè máa lò wọ́n, wọn kì í bá tàdáwà jà. Minoxidil tí ẹ ń fi pa orí, ẹ dá a dúró díẹ̀ títí ojú abẹ́rẹ́ á fi san. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa wọn kó tó wá: bí irun bá ń sá sẹ́yìn nìṣó, tàdáwà kò lè sá tẹ̀ lé e.

Àlùwàlá mi ńkọ́? Kí sì ni ìjọ máa sọ?

Tàdáwà wà lábẹ́ awọ, kò bo awọ, nítorí náà omi ń kan orí yín. Ọjọ́ mélòó kan tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, ẹ bi Ààfáà yín bí ẹ ó ṣe ṣe é. Lórí pé ṣé ó tọ́ rárá, hádíìsì tó lòdì sí fífín ara wà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ka SMP mọ́ ọn. Àwọn kan ya ẹni tó fẹ́ bo àléébù sọ́tọ̀. Ní ti Krìstẹ́nì, Léfítíkù 19:28 ni wọ́n máa ń ṣí. Èmi kì í dá ẹjọ́ yìí. Ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó wá, nítorí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò ní gbádùn orí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó mọ iṣẹ́?

Ẹ ní kó fi àwòrán orí tó ti san tó oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan hàn yín, lórí awọ tó dúdú bíi tiyín, nínú oòrùn. Àwòrán tí wọ́n yà lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an máa ń dára fún gbogbo ènìyàn.

Kí ó ṣí abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kó da tàdáwà sínú ife kékeré tí ẹlòmíì kò lò, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì ju abẹ́rẹ́ náà nù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá lò fún ẹni méjì lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis) B àti C àti kòkòrò HIV. Ojú kì í ti mí láti sọ fún oníbàárà pé kó wo ọwọ́ mi. Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti wò. Ní England, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé káńsù ti forúkọ ẹni náà àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ tàdáwà náà pẹ̀lú: àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò tíì fọwọ́ sí àwọ̀ kankan fún gígún sínú awọ, ilẹ̀ Yúróòpù sì ti fòfin de ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà nínú tàdáwà tatú láti 2022, nítorí náà ọ̀rọ̀ pé “ìjọba òyìnbó ti fọwọ́ sí i” kò tó.

Ṣé ó ń dí àyẹ̀wò MRI tàbí fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ lọ́wọ́?

Fún MRI, tí wọ́n fi ẹ̀rọ mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, nítorí tàdáwà tó ní irin nínú lè gbóná díẹ̀. Ti carbon kì í sábà ní wàhálà yìí. Fún ẹ̀jẹ̀, ilé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ara dúró fún oṣù díẹ̀.

Wọ́n ti bà á jẹ́ fún mi. Ṣé ó ṣe é yọ?

Ó ṣe é yọ pẹ̀lú iná lésà, ṣùgbọ́n ẹ má kánjú. Lésà ń wá ohun dúdú, awọ yín náà sì dúdú. Bí ẹni tó ń lò ó kò bá mọ awọ wa, ó lè pa àwọ̀ awọ rẹ́, kó fi tóótòòtó funfun rọ́pò tóótòòtó búlúù. Irú lésà tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, tó ń ṣiṣẹ́ ní 1064 nm, ni kí ẹ béèrè, òun ló dín ewu kù jù fún awọ dúdú, kí wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kékeré. Ó máa ń gba ìjókòó mélòó kan pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ tó bàjẹ́ ló nílò kí wọ́n yọ ọ́ tán. Nígbà mìíràn a ó ní kí wọ́n fi lésà pa ìlà iwájú tó sọ̀kalẹ̀ jù nìkan, a ó fi ìyókù sílẹ̀ kó ṣá, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ a ó tún un ṣe. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ má padà sọ́dọ̀ ẹni tó bà á jẹ́ pé kó fi tàdáwà mìíràn bo àṣìṣe rẹ̀. Ẹ wá pẹ̀lú ìtìjú yẹn bó ṣe wà, ẹ ṣí fìlà, ká jọ wò ó.